Ẹni Tí Yóò Gé Okùn Tursin

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan ní ìlú Taraz, nígbà tí yìnyín ti ń yọ́ lórí òrùlé, Kalampir, ìyá àgbà kan ládùúgbò wa, gbé abọ́ baursak, àkàrà ìyẹ̀fun wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òróró gbígbóná, ó fi aṣọ bò ó, ó sì kan ilẹ̀kùn Fintan. Ará Ireland ni Fintan, olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ omi. Ó ti gbé ojúlé kejì sí tìyá náà fún ọdún mẹ́rin, ó sì ń sọ èdè wa bí ẹni mu omi, àfi pé ọ̀rọ̀ méjì tó bá jọra máa ń dàrú mọ́ ọn létí. Ní àná ni Yerzat, ọmọkùnrin Kalampir, ti kígbe sí i láti orí odi pé Fintan ni àwọn yàn láti gé okùn Tursin, ọmọkùnrin òun, lọ́jọ́ Sátidé. Okùn dúdú àti funfun yẹn ni, èyí tí a fi ń so ẹsẹ̀ ọmọ tó bá ti ń dìde rìn, tí ẹni iyì kan á gé, kí ọmọ náà lè rin ìrìn ẹni náà láyé. Nítorí náà, nígbà tí Fintan rí ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn: wọ́n wá yẹ òun wò ni.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá! Ẹ máa bọ̀ lókè níbí, ní àyè àlejò pàtàkì. Ẹ má jókòó lẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹnu ọ̀nà tẹ́ mi lọ́rùn. Mi ò ní pẹ́."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bínú ni?"

Kalampir wò ó. Ó dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ jókòó lókè.

"Ìyẹn náà o rántí," ló sọ, bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀.

Fintan bu tíì díẹ̀ sínú ife, ó fi mílíìkì sí i, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún un, ó fi tòsì di àyà mú. Ìyá àgbà yọjú wo inú ife náà.

"Kò kún."

"Kò gbọdọ̀ kún, Màmá. Tó bá kún, á dà bíi pé mo ní kẹ́ ẹ máa lọ."

"Mo mọ̀! Ta lo ń kọ́?" Ó yí ojú ká inú ilé. Búrẹ́dì wà lórí tábìlì, kò dojú dé, torí èèwọ̀ ni. Bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé. "Ṣé o máa ń súfèé nínú ilé?"

"Rárá, Màmá."

"Kódà ẹ̀ẹ̀kan? Nínú balùwẹ̀?"

"Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ni, ẹ sì kígbe mọ́ mi láti ojúlé yín pé mo ń lé ìbùkún lọ. Látìgbà náà, tórin bá ń yọ mí lẹ́nu, mo máa ń jáde síta."

Kalampir mí kanlẹ̀. Fintan rò pé ìdáhùn òun kò tó.

"Síta pátápátá, Màmá. Lẹ́yìn odi. Kódà nígbà yìnyín."

"Mo gbọ́."

Ó mu tíì, ó gbé ife kalẹ̀, ó tún aṣọ orí rẹ̀ wé bí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀.

"Fintan, ọmọ mi, jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àgbà sọ ọ́. Èmi àti ìwọ nìkan ló wà níbí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Ẹsẹ̀ ni Fintan gbọ́. Ara rẹ̀ yá gágá, nítorí ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ yan òun.

"Wọ́n wà dáadáa, Màmá. Ẹ ṣeun."

"Wọ́n wà dáadáa?"

"Méjì péré ni, àmọ́ wọ́n lágbára."

"Méjì péré! Pẹ̀lú irú ọjọ́ orí rẹ yìí?"

"Méjì tí mo gbé wáyé náà ni. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti mú wọn. Tiwọn náà gùn báyìí."

"Bàbá rẹ náà!" Ojú ìyá àgbà ti ń tàn. Ó sún mọ́ tábìlì. "O ò sì ń fi wọ́n pamọ́?"

"Kí ni mo fẹ́ máa fi wọ́n pamọ́ fún? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n. Ojoojúmọ́ ni mo ń lò wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kìlómítà mẹ́fà lọ, mẹ́fà bọ̀."

"Níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ?"

"Àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ fẹ́ ṣe bíi tèmi. Ó ń tètè rẹ̀ wọ́n ni."

"Astapiralla! Ìwọ, kì í rẹ̀ ọ́?"

"Ó dalẹ́. Tó bá ti dalẹ́, màá fi omi gbígbóná wẹ̀ wọ́n, màá fi òróró pa wọ́n, màá wá jókòó ti tẹlifísọ̀n, màá gbé ọ̀kan lé orí èkejì."

"Ẹ̀ṣẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀!"

"Ọ̀kan nínú wọn máa ń dùn mí láàárọ̀ o, pàápàá tí ojú ọjọ́ bá fẹ́ yí padà."

Àánú ṣe Kalampir. Ó na ọwọ́, ó gbá a léjìká pẹ́pẹ́.

"Ẹ̀rí ọkàn rẹ nìyẹn, ọmọ mi. Ọlọ́run ò tíì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Sọ ọ́ fún mi. Èwo nínú wọn ló ń dùn ọ́?"

"Tòsì."

Ó yọ bàtà onírun inú ilé tó wọ̀, ó na ẹsẹ̀ náà sókè. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti yọ jáde nínú ìbọ̀sẹ̀. Ìyá àgbà wo àtàǹpàkò yẹn, ó wò ó títí.

"Ẹ̀ṣẹ̀," ó ní. "Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo bi ọ́! Ìwà burúkú! Ìwà ìkọ̀kọ̀! Ta ló fẹ́ wo ọmọ ìka rẹ?"

"Háà! Ẹ̀ṣẹ̀!" Fintan ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà padà. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ìyẹn ò sí níbí."

"Kò sí rárá?"

"Rárá o."

"Ọtí ńkọ́?"

"Mi kì í mu ún."

"Ará ìlú yín wo ni kì í mu ọtí?"

"Èmi ni. Èmi náà ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nílé."

"Obìnrin ńkọ́?"

"Màmá!"

"Mo ní obìnrin ńkọ́? Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni ọ́, o dá sùn, o dá jí. Kí ló ń ṣe ọ́?" Ìrètí tún ti wọ ohùn rẹ̀. "Sọ ọ́, mi ò ní pariwo."

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Mo ń dúró de ẹni tí Ọlọ́run bá fún mi."

"Imáàmù wa gan-an ò ní dáhùn báyẹn," ni Kalampir sọ, inú rẹ̀ ò dùn sí i. "Ìbínú ńkọ́? Ọlọ́run ò ní dá ọkùnrin kó má fi ìbínú sí i."

"Ajá yín bù mí jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni mo ṣe?"

"O mú egungun wá fún un."

"Ẹ rí i!"

"Mo rí i. Ojú fèrèsé ni mo wà." Ó fi aṣọ orí nu iwájú orí. "Mo rí i lẹ́ẹ̀mejèèjì."

Fintan wo ojú ìyá àgbà, ó rí i pé ó ń rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ̀rù bà á. Ó sáré wọ yàrá, ó mú ìwé kan jáde tí wọ́n fi gíláàsì bò.

"Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ló kọ ọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín. 'Ọkùnrin yìí kò pẹ́ dé rí, kò pa iṣẹ́ jẹ rí, kò sọ̀rọ̀ burúkú sí ẹnikẹ́ni rí…'"

"Ó tó."

"Ó kù, Màmá. 'Bí gbogbo ènìyàn bá rí báyìí…'"

"Mo ní ó tó! Gbé e padà síbi tó wà. Wàhálà ni ìwé yẹn."

Ó gbé e padà. Nígbà tó fi dé, ìyá àgbà ti fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo baursak tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ó béèrè, láìronú, bí ẹni tó kàn fẹ́ parí ìkíni kó tó máa lọ:

"Ìyá rẹ ń bẹ láyé?"

"Wọ́n ń bẹ, Màmá. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Létí okùn ni wọ́n ń gbé."

"Létí okùn? Okùn wo?"

"Okùn ńlá. Ti omi. Tí ọkọ̀ ń gbà kọjá."

"Òkun!"

"Òun náà ni mo sọ."

"Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

Fintan mọ̀ pé ìbéèrè gidi ti dé. Ó jókòó dáadáa.

"Ọjọ́ Àìkú tó kọjá."

"Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìwọ lo bá wa to bíríkì odi."

"Nínú fóònù ni, Màmá. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń rí wọn níbẹ̀. Ìyẹn ni pé mo ń rí etí wọn. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń di fóònù mú, etí ni wọ́n máa ń gbé e sí."

"Mi ò bi ọ́ léèrè fóònù. Ìgbà wo ni ìyá rẹ fi ọwọ́ kàn ọ́ lára kẹ́yìn?"

Tíì ń tutù. Fintan yí ife rẹ̀ po lórí tábìlì.

"Ọdún mẹ́rin."

Kalampir pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbà!

"Mo ti rí i!"

"Kí lẹ rí?"

"Àbùkù! Ọlọ́run mi, o ṣeun. Mo ti ń rò ó pé ọwọ́ òfo ni màá fi lọ sílé." Ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

"Ẹ dúró ná, Màmá. Àbùkù wo? Ṣebí ẹ wá wò ó bóyá mo yẹ ni?"

"Mo mọ̀ pé o yẹ! Ta ni ò mọ̀ pé o yẹ? Ohun tó máa jẹ́ kí o má yẹ ni mo wá wá."

Fintan jókòó bí ẹni tí wọ́n fa àga kúrò lábẹ́ rẹ̀, tó wá rí i pé ilẹ̀ ò jìnnà. Ìyá àgbà rí ojú rẹ̀, ó ju bàtà sílẹ̀, ó padà jókòó.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìwọ náà gbọ́ tèmi. Ẹni tó bá gé okùn ọmọ, ẹsẹ̀ ẹni náà ni ọmọ máa gbé kiri. Nígbà tí mo bí Daulet, àkọ́bí mi, awakọ̀ ojú irin ni mo pè. Ó dé fìlà, bọ́tìnnì rẹ̀ ń kọ yànrànyànràn. Mo ní irú èyí ni mo fẹ́ kí ọmọ mi dà. Ó gé okùn. Daulet ti di ará Kòríà, ọdún keje rèé, ó ń to páálí nínú ilé iṣẹ́. Ó ti bímọ níbẹ̀. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta, mi ò tíì gbóòórùn orí rẹ̀ rí."

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Báwo lo ṣe máa mọ̀? Ìgbà tí mo bí Yerzat, mo ti gbọ́n. Mo pe Baltabai tó ń tún bàtà ṣe, tí kò kọjá ìkóríta wa rí láyé rẹ̀."

"Ìyẹn ṣiṣẹ́. Yerzat wà nílé."

"Ó wà nílé! Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, orí àga kan náà. Tí mo bá rán an ní iyọ̀, á ní ṣé a ò lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun náà ló wá dìde lánàá tó ní, 'Màmá, mi ò fẹ́ kí ọmọ mi jọ mí. Ẹni tó ń rìn ni mo fẹ́.' Ìwọ ló sì rí. Nígbà tí o kọ́kọ́ dé, tí o ń fẹsẹ̀ rìn tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ọ́ tí o ò dá wọn lóhùn, a rò pé ìṣẹ́ ni. Èmi fúnra mi gbé ẹran wá fún ọ."

"Ẹ gbé e wá lẹ́ẹ̀mẹta."

"Nígbà tó yá, àwọn yòókù ní iyì ni ìrìn yẹn. Èmi ni mo mọ ohun tí mo rí. Ọkùnrin tó rìn títí tó fi gbàgbé ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Ọmọ yẹn, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Kí ni ìtumọ̀ Tursin?"

"Kí ó dúró."

"Kí ó dúró!"

"Àmọ́ Màmá, kí ó dúró, kí a sì tún gé okùn rẹ̀ kó lè máa rìn?"

"Kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì dúró nínú ilé! Kó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kó wo òde, kó padà wá jẹun. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù?"

Fintan dìde. Ó ṣí àpótí tábìlì, ó mú nǹkan kan jáde tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ búlúù wé. Ó tú u. Àlùmọ́gàjí tuntun ni.

"Àná ni mo rà á," ló sọ. "Ẹ wò ó, Màmá. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ́ àlejò níbí. Ibi yòówù tí wọ́n bá ti pè mí, òkè ni wọ́n ń gbé mi sí, ẹran tó dáa jù ni wọ́n ń bù fún mi, tí mo bá fẹ́ kó abọ́, gbogbo ilé á pariwo mọ́ mi pé kí n jókòó. Odi yín gan-an, èmi ni mo fi tipátipá bá yín tò ó. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa ní kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe láàárín yín."

Ìyá àgbà ti abọ́ baursak sún mọ́ ọn.

"Jẹ ẹ́ kó tó tutù."

Ó jẹ ọ̀kan. Ó jẹ èkejì. Ó wé àlùmọ́gàjí padà sínú bébà rẹ̀.

"Ó ti yé mi," ló sọ. "Màá lọ bá Yerzat, màá ní mi ò ṣe mọ́."

"O ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kì í kọ okùn ọmọ. Èèwọ̀ ni."

"Ẹ̀yin ẹ bá wọn sọ ọ́."

"Èmi? Kí ìyàwó ọmọ mi ní mo ń pàṣẹ lórí ọmọ òun? Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti ń wá ẹ̀sùn tó máa kà sí mi lọ́rùn. Rárá. Àbùkù la máa mú wá. Kí àbùkù fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Ó dáa. Ẹ ní mo jalè."

"Olè kẹ̀! Kí wọ́n pe ọlọ́pàá? Ta ló máa gbé oúnjẹ wá fún ọ látìmọ́lé? Èmi náà ni."

"Màá mu ọtí yó ní ìkóríta lọ́la."

"Ọdún mẹ́rin ni àwọn ọkùnrin àdúgbò yìí ti ń bẹ Ọlọ́run kí o mu ún. Wọ́n á gbé ọ lé èjìká. Wọ́n á ní o ti di ọmọ ilé."

"Màá ní ẹsẹ̀ mi ti rọ."

"Kí ọmọ ọmọ mi máa tiro?" Ó tutọ́ sí èjìká òsì lẹ́ẹ̀mẹta, tú, tú, tú. "Gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ara rẹ!"

"Màá sùn gbàgbé lọ́jọ́ Sátidé."

"Kó máa sùn? A ti ní ọ̀kan bẹ́ẹ̀."

"Màmá, kò sí àbùkù tó bójú mu mọ́."

"Ó kù ẹyọ kan." Kalampir ti sọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Èyí tí o ní gan-an. Kí ló dé tí o kò lọ sílé?"

Omi yìnyín ń kán lórí fèrèsé. Fintan ń kó èérún baursak jọ pẹ̀lú ìka.

"Nígbà tí bàbá mi ń ṣàìsàn, mo wà níbi iṣẹ́, a ń gbẹ́ kànga. Wọ́n ní kí n máa bọ̀. Mo ní tí mo bá ti kan omi, mo dé. Kànga yẹn jìn ju bí mo ṣe rò lọ, Màmá. Nígbà tí mo fi délé, ó ti di ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti sin bàbá mi."

"Ìyá rẹ bínú."

"Wọn ò bínú. Wọ́n ní ṣé ó ti rẹ̀ mí. Wọ́n dín ẹyin fún mi. Wọ́n jókòó síwájú mi, wọn ò sọ nǹkan kan."

"O jẹ ẹyin náà?"

"Rárá, Màmá. Mo fi í sílẹ̀ lórí tábìlì."

"O wá sá."

"Mo gbaṣẹ́ níbí ni."

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn."

"Tí mo bá tiẹ̀ lọ, Màmá, kí ni màá sọ fún wọn?"

"Ta ló ní kí o sọ nǹkan kan? Ìyá ò wá ọ̀rọ̀. Kí o jẹ ẹyin náà ló ń dúró dè. Ọdún mẹ́rin ló ti wà lórí tábìlì." Ó na ọwọ́ rẹ̀. "Pè é."

"Nísinsìnyí? Àárọ̀ ni níbẹ̀."

"Ìyá àgbà wo ló ń sùn láàárọ̀? Pè é!"

Fintan pè é. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, etí kan yọ nínú fóònù, funfun, pẹ̀lú yẹtí kékeré. Kalampir gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ etí yẹn bí ẹni tó fẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ.

"Sọ fún un pé aládùúgbò rẹ ni mí. Sọ fún un pé odindi ọ̀sán kan ni mo fi wá àbùkù ọmọ rẹ̀, mi ò rí i. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí, òun ló sì ni ín, mo ń dá a padà fún un kó wá tún un ṣe."

Fintan sọ nǹkan kan sínú fóònù. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

"Tèmi gùn," ni ìyá àgbà sọ. "Tìrẹ kúrú. Ìyókù dà?"

"Mo gé e kúrú díẹ̀ ni, Màmá."

"Lẹ̀ ẹ́ padà."

Fintan fi ahọ́n lá ètè. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì já láàárín. Nínú fóònù, etí yẹn kúrò. Àjà ilé kọjá, fìtílà kọjá, lẹ́yìn náà ni ojú kan yọ, odindi, tí omijé ń ṣàn lórí rẹ̀.

"Kí ló ní?"

"Wọ́n ní… wọ́n ní ṣé òtútù ò mú mi."

"Irọ́ ni. Ìyẹn ò gba omijé. Gbé e wá."

Ó gba fóònù, ó gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó ń sọ tirẹ̀, ìyá ọ̀hún ń sọ tirẹ̀, nígbà kan náà, àwọn méjèèjì ń mi orí. Fintan sún mọ́ wọn.

"Màmá, wọ́n ń sọ pé…"

"Ta ló pè ọ́? Ọ̀rọ̀ àgbà là ń sọ."

"Ẹ ò gbọ́ èdè ara yín!"

"Ìwọ tó gbọ́ tiwa láti ọdún mẹ́rin, mo bi ọ́ ní ẹ̀ṣẹ̀, kí lo fi hàn mí?"

Fintan padà sórí àga rẹ̀. Lójú fèrèsé, àwọn ìyá méjèèjì sunkún díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ibi tí egungun ti ń dun kálukú hàn ara wọn. Nígbà tó parí, Kalampir fi aṣọ orí nu fóònù náà kó tó dá a padà.

"Ìyá rẹ gbọ́n," ló sọ. "Ọ̀la lo máa lọ, tàbí ọ̀túnla. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí o bá dé, ìwọ lo máa gé okùn Tursin."

"Ẹ ní ẹ ò fẹ́ ẹsẹ̀ mi."

"Ẹsẹ̀ tó lọ tí kò bọ̀ ni mi ò fẹ́. Tó bá lè lọ bá ìyá rẹ̀ kó sì tún padà wá bá mi, kí ni mo tún ń wá?"

"Sátidé ńkọ́? Ẹ ti pe èrò."

"Màá ní àgùntàn ò tíì sanra."

"Ọmọ náà ti ń rìn, Màmá. Kò ní dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"A máa gbé e. Yerzat ò kúkú níṣẹ́ tó ń ṣe."

Fintan rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ọ̀sán. Ó wọ yàrá, ó fa àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eruku ọdún mẹ́rin dìde. Láti inú eruku náà ló ti bi í:

"Tí mo bá débẹ̀ tí mi ò padà mọ́ ńkọ́?"

"Màá wá mú ọ."

"Ẹ̀yin? Màmá, ẹ ò dé Almaty tiwa níbí gan-an rí!"

"Ìyá rẹ ti fi yàrá hàn mí. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, fèrèsé wà níbẹ̀, òkun wà lójú fèrèsé. Oṣù kẹfà la fi sí."

"Ẹ fi sí! Èdè wo lẹ fi fi sí?"

"Mo gbé ìka mẹ́fà sókè. Òun náà gbé mẹ́fà sókè. Kí ló le níbẹ̀?"

"Aago mẹ́fà ni wọ́n lè máa sọ!"

"Tó bá jẹ́ aago mẹ́fà, kó bu oúnjẹ mi pa mọ́." Ó ti wọ bàtà, ó ti da baursak tó kù sórí tábìlì, ó ti há abọ́ òfìfo mọ́ abíyá. "Láti ibẹ̀, màá yà ní Kòríà, màá gbóòórùn orí ọmọ Daulet."

"Kòríà ò sí lójú ọ̀nà yẹn rárá!"

"Ayé yìí, ṣé kì í ṣe róbótó ni wọ́n ní ó rí? Ibi tí mo bá gbà ni màá dé."

Ó ti jáde. Fintan fẹsẹ̀ méjèèjì bọ bàtà kan, ó tú u, ó sáré tẹ̀lé e. Ìyá àgbà ti kọjá ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ fọ́n omi yìnyín ká, ó dorí kọ ilé àwọn tó ń ta ìwé ọkọ̀ òfuurufú lọ. Láti àárín pópó ni Fintan ti ń pè é:

"Màmá! Màmá, ẹ dúró dè mí! Ẹ̀yin gan-an, ta ló gé okùn tiyín?"

"Ẹnì kankan ò gé e," ni Kalampir dáhùn, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Wọ́n ṣì ń wá ọ̀bẹ nígbà tí mo já a."